Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Àwọn Ọmọ Kàwé Nílé Nígbà Kónílé-ó-gbélé àti Họlidé Gígùn

Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa n'Íbàdàn ní oṣù Kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí ìjọba Ọ̀yọ́ sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé wa ní Yemẹ̀tù: mẹ́ta tèmi àti ọ̀kan tí àbúrò ọkọ mi bí. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú, kò sí ìkómọ tí wọ́n ń pe èèyàn sí, ta ni yóò wá rán aṣọ? Ẹ̀rọ mi dákẹ́ sí igun ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ní mo fẹ́ sọ pálọ̀ di kíláàsì. Mo lẹ àkókò iṣẹ́ mọ́ ògiri, mo fi ọ̀pá sọ́wọ́, mo ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó ní aago mẹ́jọ. Ọmọ ń sunkún, èmi ń pariwo, Ìyá àgbà ń bẹ̀bẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ya ìwé ara ògiri dànù. Ohun tí a wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí àbíkẹ́yìn wa, tó máa ń ka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, di ẹni tó ń ka odindi ìtàn sétí ìyá bàbá rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí padà fún un ní oṣù Kẹsàn-án.

Èrò mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má gbìyànjú láti gbé ilé ẹ̀kọ́ wá sílé. Iṣẹ́ tí ilé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ìwé há láàárín. Bí ẹ bá ń ka èyí nígbà họlidé gígùn lásán, tí kò sí àrùn kankan nígboro, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nílé jọ

Kí ẹ tó sọ pé ẹ kò ní ìwé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tọrọ àyè kí ẹ wo inú àpótí àwọn àgbà. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí, kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Nílé wa a rí ìwé kíláàsì tí ẹ̀gbọ́n ti lò tán, Bíbélì Yorùbá méjì, ìwé orin, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, Aláwìíyé kan tí J. F. Ọdúnjọ kọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àti ìwé ètò ìsìnkú bíi mẹ́fà.

Ẹ má fojú kéré ìwé ètò ìsìnkú o. Ìtàn ìgbésí ayé ẹni tí ọmọ mọ̀ tàbí tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ní ọdún, ó ní orúkọ ìlú, ó ní àwòrán. Ọmọ mi ọkùnrin tí kì í fẹ́ fọwọ́ kan ìwé ló ka ti bàbá àgbà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó wá ń béèrè pé kí ni Sítáńdáàdì Síìsì tí wọ́n ní bàbá náà kà yege. Ìbéèrè yẹn fún Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ sọ fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan.

Bí ti ilé kò bá tó, ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìlú ìwé ni Ìbàdàn. Yunifásítì ti wà níbí láti 1948. Jẹ́ríkò ni University Press àti Evans tí wọ́n ń tẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ wà, Mọ́lété sì ni Onibonoje. Ó ṣòro kí ẹ rí agboolé kan tí ìwé àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní ti àrùn, èémí ẹni tó ní in ni ọ̀nà pàtàkì tó fi ń ràn, pàápàá nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ. Nítorí náà, àlejò tó jókòó sí pálọ̀ yín fún wákàtí méjì léwu ju ìwé tó gbé wá lọ. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé tábìlì kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni kan láti ilé kọ̀ọ̀kan a wọ ìbòmú, a gbé ìwé síbẹ̀, a mú òmíràn, a padà sílé lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ìwé ìkọ̀wé kan wà lórí tábìlì náà tí ẹ̀gbọ́n àgbà ń kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé sí. Ìwé kan ṣoṣo ló sọnù.

Ẹ mọ èyí tó bá agbára ọmọ kọ̀ọ̀kan mu

Ẹ ṣí ìwé náà sí àárín, kí ọmọ ka ojú ewé kan sókè. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá lè kà, kó na ìka kan. Bí ìka márùn-ún bá ti nà kí ojú ewé tó tán, ìwé náà ṣì le fún un láti dá kà. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á fún un. Bí ó bá na méjì tàbí mẹ́ta, òun gan-an ni kó mú. Bí kò bá na ìkankan, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti rọrùn jù. Kó kà á fún ìgbádùn, kó sì kà á fún àbúrò rẹ̀.

Ẹ wá àkókò tí ilé fúnra rẹ̀ ti yàn

Aago méje alẹ́ ni tiwa. Géètì ti tì, oúnjẹ ti tán, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ. Ogún ìṣẹ́jú péré ni a fi bẹ̀rẹ̀, a kò sì jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kódà bí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí ebi ìwé pa wọ́n díẹ̀.

Àgbà náà gbọ́dọ̀ kàwé. Èyí ni ó le jù fún ọkọ mi àti èmi. A gbé igbá kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo fóònù ń wọ inú rẹ̀ ní aago méje, tèmi àti ti bàbá wọn náà. Bí ọmọ bá ń rí yín tí ẹ ń fi ìka yí Wasáàpù sókè sódò nígbà tí ẹ ní kóun kàwé, ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ràn.

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ lo àtùpà sólà tàbí tọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbé kọ́ sókè kó máa tan sórí ìwé, kì í ṣe sójú. Ẹ má fi àbẹ́là sáàárín àwọn ọmọ tó ń ṣí ìwé, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó wà nílé lálẹ́ lè lo àárọ̀ kí òòrùn tó le, tàbí ìgbà tí òjò oṣù Keje bá há gbogbo yín mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń jẹ àgbàdo sísè. Àkókò kan náà lójoojúmọ́ ló ṣe pàtàkì.

Òbí tí kò mọ̀wé kà kò gbọ́dọ̀ rò pé òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá àgbà wa kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá, síbẹ̀ òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìwé kíkà jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó, kó gbọ́, kó máa béèrè pé: "Kí ló wá ṣe? Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" Ọmọ tí ohun tó kà kò bá yé kò ní lè dáhùn, á padà lọ tún un kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìṣòro nìyí. Àwọn ọmọ mi ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣí ìwé, ó ka "Bàbá wa ra ọkọ tuntun," Ìyá àgbà sì béèrè pé ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ọkọ. Ọkọ̀ ló wà nínú ìwé. Ọmọ náà kò mọ̀ pé àwọn àmì kéékèèké orí ọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Báyìí ni a ṣe kọ́ wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà nìkan. Márùndínlọ́gbọ̀n ni lẹ́tà Yorùbá: fáwẹ́lì méje àti kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún. Àwọn tí a fi tó sábẹ́ wọn, ẹ, ọ àti ṣ, ni kí ẹ dúró lé lórí, pẹ̀lú gb tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo bó tilẹ̀ rí bíi méjì. Kí ọmọ wá ohun inú ilé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣíbí, ẹní, ọṣẹ, gbálẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ohùn. Ẹ má ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ lórin: dò, re, mí. Àmì tó da orí kọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni dò, èyí tó gbé orí sókè lọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, èyí tí kò ní àmì ni re. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sórí páálí:

ọkọ, tó fẹ́ ìyàwó: re re
ọkọ́, tí àgbẹ̀ fi ń roko: re mí
ọkọ̀, tó ń lọ sí Dùgbẹ̀: re dò
ọ̀kọ̀, tí jagunjagun ń jù: dò dò

Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ohùn ọ̀kan nínú wọn bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ nawọ́ sí èyí tí ẹ sọ. Eré ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ṣe é fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́. Nígbà tí ó bá mọ́ wọn lára, ẹ mú igba tí í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ tó ń ra ọkọ lọ́jà ti ń bá mi tún àmì ṣe lára ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Ohun kan wà tó máa dà yín láàmú bí ìwé yín bá jẹ́ ti àtijọ́. Ṣáájú 1974 tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, "aiye" ni wọ́n ń kọ fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "ẹiyẹ" fún ẹyẹ, "nwọn" fún wọ́n. Ẹ má jù irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ fún ọmọ tó ti dàgbà ní pẹ́ńsù, kó máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lọ́nà àtijọ́, kó kọ ti òde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí mi tó ti wà ní girama, tó ń sọ pé Yorùbá kò le, ló ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsinmi.

Àwọn òbí kan ti bi mí pé ṣé kò ní fa Gẹ̀ẹ́sì wọn sẹ́yìn. Rárá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tún ta wọ́n yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ìwé kíkà bá ti yé ní èdè tó gbọ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ohun méjì pa pọ̀ nígbà tó bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ sọ àlọ́ àgbà di ìwé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Alẹ́ Sátidé ni àlọ́ nílé wa. Àlọ́ àpamọ̀ ló ń ṣáájú. Ìyá àgbà á ní, "Ààlọ́ o!" a ó dáhùn, "Ààlọ̀!" Á ní, "Òrúkú tindín tindín, òrúkú tindìn tindìn, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Lẹ́yìn náà ni Ìjàpá á dé, pẹ̀lú orin rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú bírò. Gbígbọ́ nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ á jókòó ti Ìyá àgbà, wọ́n á sọ àlọ́ náà padà fún un. Ibi tí wọ́n bá ti fò, òun á dá wọn padà. Àkọ́bí á máa kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á ya àwòrán, àwọn kékeré á sọ ohun tí àwòrán gbọ́dọ̀ ní. Ẹ má bá wọn jà nítorí àṣìkọ ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí. Ọjọ́ Túsìdeè ni kí ẹ jọ tún un kà, kí ẹ tún àmì ṣe, kí wọ́n wá dà á kọ sínú ìwé gidi. Ẹ kọ orin àlọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ló ń mú ọmọ tó ṣì ń kọ́ kíkà yára: ó ti mọ orin náà lórí, ojú rẹ̀ á wá máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ìwé gidi tí mo wí, ẹ lè rán an fúnra yín. Ẹ mú tákàdá funfun mẹ́jọ, ẹ kó wọn jọ, ẹ ká wọn sí méjì. Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò mẹ́ta sí ìlà tí ẹ ká: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa òwú tó nípọn kó má baà já. Láti inú ni kí abẹ́rẹ́ ti gba ihò àárín jáde, kó gba ti òkè wọlé, kó gba inú sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ti ìsàlẹ̀ jáde, kó tún gba ti àárín wọlé. Ẹ so ojú òwú méjèèjì pọ̀ nínú, kí ẹ fà á le, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí tákàdá á fi ya.

Fún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gé páálí tín-ínrín kó tóbi ju tákàdá lọ díẹ̀, ẹ fi àjákù aṣọ àǹkárá bò ó. Ẹ kò nílò láti ra gọ́ọ̀mù. Ẹ po ṣíbí láfún kan mọ́ omi tútù bí ife kan, ẹ gbé e ka iná tí kò le, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Bó bá ti tutù, ẹ fi lẹ aṣọ mọ́ páálí, kí ẹ wá lẹ ojú ewé àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn mọ́ páálí náà. Ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e lórí mọ́jú. Àwọn àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù nígbà tí mò ń rán ìbòmú ni a lò, nítorí náà ìwé kọ̀ọ̀kan jọ ìbòmú ẹnì kan nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń pe orúkọ wọn: ìwé ìbòmú Dádì, ìwé ìbòmú Màmá.

Ìwé tó wà nínú iṣẹ́ ilé

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ni kó kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà ní Bódìjà, kó sì kà á fún yín kí ẹ tó jáde. Ọmọ ni kó ka ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é kí ẹnì kan kọ ọ́: kóńgò ẹ̀wà mélòó, tàtàṣé mélòó, omi títí dé ibo. Nígbà tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí ọmọ kejì fi ìwé yẹn se é, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ó bá ki jù, wọ́n á padà lọ wo ohun tí wọ́n kọ.

Ìròyìn nípa àrùn

Ẹ má fi pamọ́ fún àwọn ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kó kún etí wọn láti àárọ̀. Ìgbà kan lóòjọ́ ni a ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ọmọ kan á kọ iye aláìsàn tí wọ́n bá kà sílẹ̀, rédíò di pípa. Ní ti àtẹ̀ránṣẹ́ Wasáàpù, a kọ́ wọn ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, ṣé àwọn elétò ìlera náà sọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù Kẹta 2020 yẹn, àwọn kan ní Èkó gbé kulorokúìnì mì nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń wo kòrónà, ó sì di májèlé sí wọn lára. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń ka àtẹ̀ránṣẹ́ tí ìbéèrè sì ń tẹ̀ lé e lè gba àgbà kan là nínú ilé.

Bí ara ẹnì kan kò bá yá

Ní oṣù Keje, ikọ́ àti ibà mú ọkọ mi. A kò dúró kí a mọ ohun tó jẹ́ kí a tó fi yàrá sílẹ̀ fún un, kí a ṣí fèrèsé, kí a ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, kí àwa yòókù máa sùn ní pálọ̀. Ìyá àgbà ni a kọ́kọ́ gbé jìnnà sí i, nítorí àwọn àgbàlagbà ni àrùn yẹn ń ṣe jù.

Ìwé kíkà dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó dúró bí irú rẹ̀ bá dé bá yín. Ọmọ tó ń bẹ̀rù kò lè kàwé, kí á máa fà á létí lórí rẹ̀ ni yóò mú kó kórìíra ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, kí wọ́n sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kí wọ́n ṣeré.

Ní ọjọ́ kẹrin, àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó lọ síta, sí ìta fèrèsé yàrá bàbá rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó jókòó jìnnà díẹ̀, ó wọ ìbòmú rẹ̀, ó ṣí ìwé ìbòmú Dádì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlọ́ Ìjàpá sókè. Ibi tí orin wà, bàbá rẹ̀ ń gbè é láti inú yàrá pẹ̀lú ohùn tó há. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara bàbá rẹ̀ fi mókun. Bí ẹ bá ní aláìsàn tó wà nínú yàrá lóun nìkan, ẹ ṣètò irú èyí fún un: ìta ni kí òǹkàwé wà, kó wọ ìbòmú, kó má ju ìwé kan lọ lálẹ́ kó má baà rẹ aláìsàn.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí padà

Iṣẹ́ àṣetiléwá á gba aago méje lọ́wọ́ yín, ẹ má jà á. Alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ dì mú, Sátidé ni tiwa títí di òní. Ẹ máa sá àwọn ìwé tí ẹ rán sí afẹ́fẹ́ nígbà òjò, kí ẹ fi káfúrà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, nítorí láfún inú ẹ̀yìn wọn máa ń pe kòkòrò. Ẹyọ méje ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa báyìí. Ìkẹjọ wà lórí ẹ̀rọ mi, Ìyá àgbà ló sì yan aṣọ tí a óò fi bò ó.